Akọ̀wé Inú Ọkọ̀

Ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú wa ló ń fi ọkọ̀ rẹ̀ kó èrò láti Ajah lọ sí Lekki. Nígbà tí ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, mẹkáníìkì ní ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́, kí wọ́n lọ ra òmíràn. Owó ẹ́ńjìnnì kẹ̀! Bọ̀dá ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Èdè Yorùbá là ń kọ́, a kì í ṣe ẹnjiníà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí wọ́n bá ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ní ihò kan lábẹ́ sítíárìn tí wọ́n ń pè ní OBD, tòkunbọ̀ bọ̀dá sì ní i. A ra ELM327, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi Bluetooth bá fóònù sọ̀rọ̀, a fi bọ ihò náà. Fóònù ògbólógbòó wa tí ojú rẹ̀ ti là ló ń kọ eré ọkọ̀ àti ooru omi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀. Akọ̀wé la sọ ọ́. "Data logger" ò dùn lẹ́nu.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi bá bọ̀dá wọkọ̀. Bí a bá ń sáré kọjá VGC, ooru á wà ní nǹkan bí i 90. Bí a bá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Jakande, á máa gòkè: 98, 105, 112. Kí ọ̀nà ṣáà ti ṣí, á tún lọ sílẹ̀. Atẹ́gùn ojú ọ̀nà ló ń ṣe iṣẹ́ tí fáànù ò ṣe mọ́.

A fi han mẹkáníìkì mìíràn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì yọ rẹlé fáànù tó ti jóná.

Bọ̀dá ò tíì dá fóònù wa padà.