Obìnrin Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Ìtàn Oko Wa

Èmi ni mo jẹ́ kí oko kòkó ìdílé wa bọ́ lọ́wọ́ wa. Adájọ́ kò jẹ̀bi, agbẹjọ́rò kò jẹ̀bi. Ẹnu ara mi ni mo fi gbé e fún àwọn tó bá wa du ú, lẹ́yìn tí mo ti búra.

Ọ̀nà Ìjàn ni oko náà wà. Ẹni tó bá mọ Adó-Èkìtì dáadáa á mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀nà yẹn. Nígbà èwe mi, igbó àti oko ló pọ̀ jù níbẹ̀. Pólì ìjọba àpapọ̀ wá dé, Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá tẹ̀lé e ní 2009, ilé akẹ́kọ̀ọ́ ń yọ lọ́tùn-ún lósì, ilẹ̀ tí à ń ro láti gbin iṣu wá di ohun tí wọ́n ń tà ní púlọ́ọ̀tì. Ìgbà náà ni ìdílé kan jáde pé bàbá àwọn ló yá bàbá wa nílẹ̀ dáko. Ọ̀rọ̀ di ti kóòtù. Èmi tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ni ẹbí ní kí n lọ sọ ìtàn.

Láti 1976, tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti dájọ́ Idundun àti Okumagba, ọ̀nà márùn-ún ni èèyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀. Ìtàn ìbílẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tó bá gba ọ̀nà yẹn gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó tẹ ilẹ̀ náà dó, bó ṣe tẹ̀ ẹ́ dó, àti gbogbo àwọn tó ti jogún rẹ̀ títí tó fi kan òun. Bí ẹlẹ́rìí méjì láti ilé kan náà bá sọ ọ́ lọ́nà méjì, ewu dé. Agbẹjọ́rò wa là á yé mi. Ó bi mí bóyá gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni mo sọ fún òun. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ohun tí mo sọ ni pé bàbá tó bí bàbá mi ló ṣán igbó ẹgàn náà, tó gbin kòkó sí i, tí bàbá mi jogún rẹ̀, tó fi kàn wá. Mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ pé bàbá náà ní ẹ̀gbọ́n obìnrin, pé ọwọ́ obìnrin yẹn ni oko wà nígbà tí àbúrò rẹ̀ wà ní Agége. Ṣùgbọ́n bí mo bá dárúkọ rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ á bá wa pín in. A ti jókòó ní ìpàdé ẹbí, a ti ṣírò iye púlọ́ọ̀tì tó máa jáde níbẹ̀. Èmi ni mo dá a lábàá pé ká má mẹ́nu kan obìnrin náà. Mo ní ó ti lọ sílé ọkọ. Ojúkòkòrò ló sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, torí mo mọ̀ pé ọmọbìnrin ní ẹ̀tọ́ nínú ogún bàbá rẹ̀.

Agbẹjọ́rò wọn kò pariwo rárá. Ó bi mí pé àwọn igi obì àbàtà tó wà lẹ́bàá odò nínú oko náà, ta ló gbìn wọ́n? Mo ní bàbá-bàbá mi ni. Nígbà tí ìgbẹ́jọ́ tún wáyé, ọmọ àbúrò bàbá mi tí a mú wá ṣe ẹlẹ́rìí bọ́ sínú àpótí ẹlẹ́rìí. Àgbàlagbà ni wọ́n, wọn kì í purọ́. Wọ́n bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà. Wọ́n ní ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá-bàbá àwọn, ló gbìn ín kí kòkó tó dé. Mo ń wo ọwọ́ adájọ́ bó ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú ìdájọ́, ó ní ìtàn wa ta ko ara rẹ̀ lórí ẹni tó tẹ oko dó. Ó da ẹjọ́ wa nù.

Lẹ́yìn èyí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá lọ bá ọmọ obìnrin náà. Ọjà Ọba ni wọ́n ti ń ta obì láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Bí mo bá fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti ń ra obì. Màá dọ̀bálẹ̀, màá sanwó, màá lọ. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ń ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò nínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n ń fi ewé tútù bo èyí tó dára. Mo ní, “Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, ta ló tẹ oko ọ̀nà Ìjàn dó?”

Wọ́n sọ ọ́ láìdúró ronú. Bàbá ìyá wọn ló tẹ̀ ẹ́ dó lẹ́yìn ogun Kírìjì, nígbà tí àdéhùn 1886 ti jẹ́ kí ọkàn àwọn èèyàn balẹ̀ díẹ̀ láti dáko jìnnà sílé. Iṣu ló ń gbìn. Nígbà tó kú, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ àkọ́bí ló ń bójú tó oko, torí àbúrò ọkùnrin ti bá àwọn ọ̀dọ́ Èkìtì mìíràn lọ ṣe lébìrà ní oko kòkó Agége, níbi tí àwọn ọlọ́lá Èkó bíi J. K. Coker ti dá oko ńláńlá sílẹ̀. Obìnrin náà gbin obì. Ó ń ru èkùrọ́ lọ sí Òṣogbo, ibi tí rélùwéè ti dé ní 1907, owó yẹn ló sì fi san gbèsè àbúrò rẹ̀. Nígbà tí àbúrò padà dé pẹ̀lú èso kòkó, àwọn méjèèjì ló jọ gbìn ín sábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò, kí oòrùn má bàa pa á. Kòkó kì í so kíákíá. Ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń retí rẹ̀, obì àti èkùrọ́ obìnrin yẹn ló ń bọ́ ilé.

Yèyé dárúkọ àwọn tó bá wa pààlà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti àwọn tó dúró níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ri pèrègún mọ́lẹ̀. Wọ́n wá fi èyí tó já láyà mi kún un: bàbá ìdílé tó gba oko náà lọ́wọ́ wa, ìyá Yèyé ló gbà á láyè kó máa kọ ẹyìn lápá odò, iṣu ló sì fi ń san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Yèyé fúnra wọn wà lára àwọn ọmọ tó máa ń lọ ru iṣu náà wálé.

Ẹ̀rí tí à bá fi jàre nìyẹn, ní Ọjà Ọba. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò sọ ọ́. Wọ́n ní, “O ò bi mí.”

Agbẹjọ́rò ní ẹ̀pa kò bóró mọ́, pé n kò lè gbé ìtàn mìíràn lọ sí kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lẹ́yìn èyí tí mo ti fi ìbúra sọ. Owó ìfẹ̀yìntì mi ti bá ẹjọ́ lọ. Wọ́n ti gé kòkó, wọ́n ti gé obì. Ní oṣù Kejìlá 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 12,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé. Àwọn ọmọ wa ń gbọ́ ọ lórí rédíò, wọn kò ní igi kan ṣoṣo.

Bí a bá ń sọ ìtàn àwọn tó dá oko kòkó sílẹ̀ ní Èkìtì, níbi òkú, níbi oyè, orúkọ ọkùnrin nìkan ni à ń kà. Ta ló ń se oúnjẹ àwọn lébìrà? Ta ló ń fọ́ kòkó, tó ń sá a, tó ń rù ú lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń wọ̀n ọ́n? A mọ̀ wọ́n. A kàn ń yọ wọ́n ni, torí ogún.

Mo ti kúnlẹ̀ bẹ Yèyé àti àwọn ọmọ wọn níwájú ẹbí. Ẹ̀yin tí oko yín ṣì wà ní Ìjàn, ní Ìlawẹ̀, ní Ìṣẹ̀, ní Ẹmùré, mo bẹ̀ yín, ẹ lọ bá àwọn ìyá tó kù nínú ìdílé yín kí oṣù yìí tó tán. Ẹ bi wọ́n ní orúkọ ẹni tó tẹ oko dó, orúkọ gbogbo ọmọ rẹ̀ lọ́kùnrin lóbìnrin, àwọn tí ẹ bá pààlà, àti àwọn tó san ìṣákọ́lẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́, kódà bí orúkọ ẹni tí ẹ kò fẹ́ bá pín nǹkan bá wà níbẹ̀. Ẹ kà á padà sí wọn létí, kí wọ́n tó tẹ̀ka sí i.