Bí Afọ́jú Bá Fẹ́ Dìbò ní Ìlú Wa

Ọ̀rọ̀ ìdìbò ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ẹgbẹ́ òṣèlú. Ẹni tó bá ń wá ìjà ẹgbẹ́, kó máa lọ síbòmíràn.

Gbogbo ẹni tó ti dìbò rí ní Bẹ̀nẹ̀ mọ bó ṣe ń lọ. Wọ́n á wá orúkọ yín nínú ìwé, wọ́n á fún yín ní bébà kan tí àmì gbogbo ẹgbẹ́ wà lórí rẹ̀, ẹ ó wọ ibi tí wọ́n fi aṣọ bò, ẹ ó fi àmì sí èyí tó wù yín, ẹ ó ká a, ẹ ó sọ ọ́ sínú àpótí. Ojú la fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Bébà náà sì ń dán lábẹ́ ìka. Ẹgbẹ́ tó wà lókè àti èyí tó wà nísàlẹ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n lọ́wọ́ ẹni tí kò ríran.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà lára àwọn tí mo ń sọ. Àgbẹ̀ oníṣu ni, ní agbègbè Ṣábẹ̀ẹ́, lápá odò Ọ̀pàrà. Àwọn àgbà ibẹ̀ mọ ohun tí eṣinṣin odò fojú wa rí. Kékeré ni, ó dúdú, ibi tí omi bá ti ń sáré lórí àpáta ló ti ń bí sí. Bó bá ń jẹ èèyàn léraléra, aràn tó ń gbé kiri yóò wọ ara, yóò máa yúnni lọ́dọọdún títí yóò fi dé ojú. Ní 1974 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò ńlá tí wọ́n fi ń da oògùn sínú àwọn odò ní orílẹ̀-èdè méje, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà níbẹ̀, ó sì lọ títí di 2002. Ètò náà ṣiṣẹ́ gan-an, ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ àìsàn náà. Ṣùgbọ́n ojú tó ti fọ́ kí oògùn tó dé kò là mọ́.

Ẹ má rò pé ẹni tí à ń fà kiri bí ewúrẹ́ ni Bàbá o. Ó ń fọwọ́ mọ irú iṣu. Ẹ kó owó ẹyọ ọgọ́rùn-ún fráǹkì àti ti àádọ́ta pọ̀ fún un, kò ní ṣì wọ́n mú. Rédíò kì í kú létí rẹ̀, ó mọ ọ̀rọ̀ àwọn òṣèlú jù mí lọ.

Ní ìdìbò àwọn aṣòfin, ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 2023, èmi ni mo mú un lọ. N kò ní dárúkọ ibùdó náà. Nígbà tó kàn wá, ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó sídìí tábìlì ní kí n dúró sẹ́yìn, pé òun yóò bá Bàbá fi àmì sí i. Tìfẹ́tìfẹ́ ló fi sọ ọ́, bí ẹni tó fẹ́ ṣe wá lóore. Bàbá bi í pé, "Ọmọ ta ni ọ́?" Ó dárúkọ bàbá rẹ̀. Bàbá ní, "Mo mọ̀ ọ́n, èèyàn dáadáa ni. Ṣùgbọ́n n kò rán an níbò rí." Àwọn tó wà lórí ìlà bú sẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, àríyànjiyàn náà pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kí n bá a wọlé.

Mo fi àmì síbi tó ní kí n fi sí. Lójú ọ̀nà ilé ló béèrè, lẹ́ẹ̀kan péré: "Ibi tí mo ní náà lo fi sí?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá." Òótọ́ ni mo sọ. Ṣùgbọ́n kí ni yóò fi mọ̀ pé òótọ́ ni? Èmi tó tọ́ dàgbà nìyẹn o. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ti gba ẹgbẹ̀rún méjì lọ́wọ́ olóṣèlú ńkọ́? Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń mú wọlé, tí èrò wọn kò sì pọ̀ ńkọ́?

Òfin kò dákẹ́ lórí rẹ̀. Àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn akanda ẹ̀dá jáde ní 2006, Bẹ̀nẹ̀ tẹ́wọ́ gbà á ní 2012. Abala 29 rẹ̀ ní kí ìbò wọn jẹ́ ti ìkọ̀kọ̀, kí ibùdó àti ohun èlò rọ̀ wọ́n lọ́rùn, àti pé bí ẹni náà bá ń fẹ́ olùrànlọ́wọ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò yàn án. Kì í ṣe ẹni tó wà nídìí tábìlì. Bẹ̀nẹ̀ tún ṣe òfin tirẹ̀ fún ààbò àwọn akanda ẹ̀dá, òfin 2017-06, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 2017.

Ṣùgbọ́n olùrànlọ́wọ́, bó ti wù kó dára tó, ìkejì ni. Ìbò tó ní ẹni méjì nínú kì í ṣe ìkọ̀kọ̀ mọ́. Àwọn ará wa tó wà ní Ìmẹ̀kọ, lódì kejì ààlà, ti rí nǹkan mìíràn: ní ìdìbò 2019, àjọ elétò ìdìbò Nàìjíríà lo páálí kan fún àwọn afọ́jú. Wọn á ti bébà ìdìbò bọ inú páálí náà, ihò á wà ní ọ̀gangan àmì ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, afọ́jú á fọwọ́ wá ihò tirẹ̀, á sì dá ìbò rẹ̀ dì. Kò dé gbogbo ibùdó, àwọn tó dé ọ̀dọ̀ wọn sì mọyì rẹ̀. Òfin ìdìbò wọn ti 2022, abala 54, dárúkọ irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, àti ògbufọ̀ èdè ọwọ́ fún adití.

Àwọn kan máa ń sọ pé lẹ́tà afọ́jú ni kí wọ́n tẹ̀ sórí bébà. Ó dára fún ẹni tó lọ sílé ẹ̀kọ́ wọn. Bàbá mi kò lọ. Ohun tó lè ṣe ni kó ka ihò: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, bó ṣe ń ka owó ẹyọ. Bí rédíò tó ń sọ èdè wa bá ti ka ẹgbẹ́ ní títẹ̀léra wọn sétí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kò ní nílò mi ju kí n mú un dé ẹnu ọ̀nà lọ. Páálí ni o! Kì í ṣe ẹ̀rọ.

Ti àwọn arọ tiẹ̀ rọrùn jù báyìí lọ. Inú kíláàsì la ti ń dìbò jù, ọ̀pọ̀ kíláàsì ló sì ní àtẹ̀gùn méjì tàbí mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti rí ọkùnrin onílé, ọlọ́mọ, tó fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ sílẹ̀ nínú oòrùn, tí wọ́n pọ̀n ọ́n wọlé níṣojú àwọn àna rẹ̀. Pákó méjì tí wọ́n kàn pọ̀ ni ìbá gbé e dé inú. Ẹ̀yin tí ẹ ní èèyàn ní mẹ́rì, tàbí tí ẹ jẹ́ òbí ọmọ nílé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń dìbò, ẹ lọ wo ẹnu ọ̀nà wọn lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì bi káfíńtà àdúgbò yín iye tí yóò gbà.