Ọwọ́ Tó Ń Fún Wàrà

Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ nípa ìtọ́jú ẹran ní yunifásítì wá ṣe IT lọ́dọ̀ wa ní Ìsẹ́yìn lọ́dún tó kọjá. Mo ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ará gáà ṣì máa ń ránṣẹ́ pè mí bí ọmú màlúù wọn bá wú, èmi àti ọmọ náà la sì jọ lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó mú àwo onílé mẹ́rin jáde, ó fún wàrà ọmú kọ̀ọ̀kan sí ilé tirẹ̀, ó da oògùn àyẹ̀wò lé e, ó ń mì í rọra. Ilé kẹta fà bí ilá, ọmú yẹn ń ṣàìsàn nìyẹn. Ó gbójú sókè, ó ní, "Bàbá, kí lẹ̀yin ń ṣe láyé ìgbà tí kò tíì sí eléyìí?"

Mo sọ fún un pé láti 1957 ni àyẹ̀wò yẹn ti jáde ní Califọ́níà, mo sì ti ń lò ó kí wọ́n tó bí i. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jẹ́ kí n sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Kì í ṣe àwo ló kọ́ mi níṣẹ́. Èèyàn ló kọ́ mi.

Ọmọ ahunṣọ ni mí. Òfì ni bàbá mi hun, òun náà ni bàbá tó bí i hun. Nígbà tí mo ní Vom ni mò ń lọ láti lọ kọ́ṣẹ́ màlúù ní 1974, ìyá mi bú sẹ́kún. Ó ní iṣẹ́ Fúlàní ni, kí ni ọmọ Ìsẹ́yìn ń wá lábẹ́ ọmú ẹran? Mi ò rí èsì fọ̀ nígbà yẹn. Ká ní ó wà láyé ni, ǹ bá sọ fún un pé ọwọ́ tó bá ti jókòó ti òfì ti mọ sùúrù, sùúrù àti ọwọ́ mímọ́ ni màlúù sì ń béèrè.

Orí òkè Jos ni Vom wà. Òtútù ibẹ̀ máa ń mú wa débi pé súwẹ́tà la ń wọ̀ fún wàrà nígbà ọyẹ́. Láti 1924 ni ìjọba òyìnbó ti dá ilé ìwádìí àrùn ẹran sílẹ̀ níbẹ̀, nítorí àrùn rinderpest tó ń gbá màlúù lọ bí omi. Rinderpest ti di ìtàn. Ní 2011 ni wọ́n kéde pé ó ti tán láyé. Àrùn ọmú kò tán, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ti ọ̀nà jíjìn wá. Ọwọ́ àwa tí à ń fún wàrà ló ń gbé e láti ara ẹran kan dé ara òmíràn. Wọ́n ti fi akọ màlúù òyìnbó tí wọ́n ń pè ní Friesian gun abo màlúù funfun ti Fúlàní ní Vom kí n tó débẹ̀, àwọn ọmọ tí wọ́n bí sì ń mú wàrà wá ju ìyá wọn lọ. Bí wàrà ṣe ń pọ̀ ni ọmú ń wú.

Bàbá Fúlàní kan ni olórí wa nídìí fífún wàrà. Kò mọ ìwé kankan. Baba la ń pè é, èdè Hausa la fi ń bá a sọ̀rọ̀, ìba Hausa tó sì wà lẹ́nu mi títí dòní, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti rí i. Baba ní ife irin kan tí àwo dúdú pẹlẹbẹ bò lórí. Kò sí màlúù tí yóò fún sínú garawa láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fún un lẹ́ẹ̀mẹta sórí àwo yẹn. Lórí dúdú, kò sí ibi tí ìdì wàrà lè fara pa mọ́ sí; bó ti wù kó kéré tó, ojú á rí i. Bí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀, a fi ìka tọ́ ọ wò. Wàrà ọmú tó ń ṣàìsàn a máa níyọ̀, nítorí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ń jò wọ inú rẹ̀. (Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ má tọ́ wàrà tútù wò o. Ikọ́ ẹ̀gbẹ àti àwọn àrùn mìíràn wà nínú rẹ̀. A kò mọ̀ ni nígbà náà.)

Òfin Baba kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ rú u. Èyí tó bí àkọ́bí la máa kọ́kọ́ fún, àwọn tára wọn dá á tẹ̀ lé e, aláìsàn á kẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan, màlúù kan tí ọmú rẹ̀ wú ń ké, àánú rẹ̀ ṣe mí, mo fún un láàárín àwọn yòókù. Baba gba garawa lọ́wọ́ mi, ó da gbogbo wàrà náà sílẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, ó ní kí n lọ fọ ọwọ́ mi dé ìgúnpá. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò jẹ́ kí n sún mọ́ ẹran. Ìgbẹ́ màlúù ni mo ń kó. Mo sunkún lóru, mi ò jẹ́ purọ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ ohun tí ọwọ́ jẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọmọ màlúù ló wá fi yàtọ̀ sí gbogbo ọ̀gá tí mo tún bá pàdé. Yóò kọ́kọ́ jẹ́ kí ọmọ mu díẹ̀ kí wàrà lè sọ̀, yóò so ó mọ́ ẹsẹ̀ iwájú ìyá rẹ̀, a ó fún wàrà, lẹ́yìn náà yóò tún tú u sílẹ̀ kó fa ìyókù. Ó ní ẹnu ọmọ ni ìgbálẹ̀ ọmú. Kò sì jẹ́ kí màlúù dùbúlẹ̀ lẹ́yìn fífún. Koríko tútù ni yóò jù síwájú rẹ̀ kó lè dúró, nítorí ẹnu ọ̀nà ọmú ṣì ṣí sílẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó rí i kà pé bó ṣe rí gan-an nìyẹn: ihò orí ọmú kì í padé kíákíá, ó lè tó ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo ń kúrò ní Vom ní 1978, Baba fún mi ní ife náà.

Láti ìgbà yẹn títí di 1990, oko mẹ́ta ni mo ti ṣiṣẹ́. Mo gbéyàwó, mo bímọ mẹ́rin. Ìwé nípa nǹkan márùn-ún tí àwọn olùwádìí fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nítòsí Reading nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé ọwọ́ wa: ká máa ri orí ọmú bọ oògùn lẹ́yìn fífún, ká fi oògùn sí gbogbo ọmú nígbà tí a bá fẹ́ dẹ́kun fífún màlúù kó lè sinmi, ká tètè tọ́jú èyí tó wú ká sì kọ ọ́ sílẹ̀, ká ta èyí tí kò gbóògùn, ká máa yẹ ẹ̀rọ wò. Mo tẹ̀ lé e, áyódíìn kò sì wọ́n lọ́wọ́ mi rí. Ṣùgbọ́n ìwé náà kò mẹ́nu kan ọmọ màlúù, ohun tí mo sì wá jà lé lórí nìyẹn.

Ní 1991 ni ọ̀gá tuntun dé sí oko tí mo wà, kò jìnnà sí Ọ̀yọ́. Ó gbé ẹ̀rọ ìfúnwàrà dé. Ó ní ọmọ kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan ọmú mọ́, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é lókè òkun nìyẹn. Mo ní, sà, ẹran tiwa kò rí bíi tòkè òkun, èyí tó ní ẹ̀jẹ̀ Fúlàní lára kì í sọ wàrà tán bí kò bá rí ọmọ rẹ̀. Ó ní mò ń ṣe ayé àtijọ́. Rọ́bà inú ife ẹ̀rọ, tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ lẹ́yìn nǹkan bí 2,500 ìgbà fífún, tiwa lò ju ọdún méjì lọ. Ó sán wẹ́lẹwẹ̀lẹ, kòkòrò ń gbé inú ìsán náà. NEPA a mú iná lọ nígbà tí ife ṣì wà lọ́mú. Nígbà tí áyódíìn ń tán lọ, omi ni wọ́n ń bù lé e. Ife Baba ńkọ́? Wọ́n kó o mọ́ irin àlòkù ní sítọ̀, wọ́n tà á, n kò sí níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo wá a dé ọ̀dọ̀ àwọn alágbẹ̀dẹ. Mi ò rí i.

Àwọn ìyá oníwàrà ló kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ọ̀kan nínú wọn dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà oko, ó ní, "Alàgbà, ewé bòmùbomù tí mo fi ń mú wàrà dì kò yí padà o, wàrà yín ló yí padà. Kò dì mọ́, ìkòkò kan náà kò mú iye tó ń mú wá tẹ́lẹ̀ wá mọ́." Òótọ́ ló sọ. Láàárín oṣù mẹ́rin, màlúù mẹ́sàn-án ní ọmú tó gan. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti túùbù oògùn bọ̀ wọ́n lọ́mú láàárọ̀, wọ́n sì ń ta wàrà wọn nírọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ ara páálí oògùn ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kí wọ́n dà á nù fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà yẹn ni àwọn tó ń ṣe nono, ìyẹn wàrà kíkan, wá sọ pé wàrà wa kọ̀ láti kan. Báwo ni yóò ṣe kan? Oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn ti pa kòkòrò tó ń mú un kan.

Wọ́n pè wá jókòó. Wọ́n ní ọwọ́ àwa òṣìṣẹ́ ló dọ̀tí, wọ́n sì fún mi ní kúẹ́rì, èmi tí wọ́n da garawa wàrà nù lójú mi nítorí ọwọ́! Àwọn kan tí a jọ ṣiṣẹ́ ṣì ń sọ káàkiri pé bí mo bá mọ̀, kí ló dé tí mo dákẹ́. Mi ò dákẹ́. Òótọ́ ni pé mi ò kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, ọmọ mẹ́rin wà nílé ìwé lọ́rùn mi. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ni mo sọ, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Màlúù kan wà níbẹ̀ tí à ń pè ní Alábàwọ́n. Kò sí èyí tó ń mú wàrà wá tó o. Staphylococcus aureus ti wọ ọ́ lọ́mú, irú kòkòrò tó máa ń sá wọ inú ẹran ara lọ níbi tí oògùn kì í tètè dé. Bí a bá ń fi ife ẹ̀rọ kan náà fún un ká tó fún ẹlòmíràn, ńṣe là ń pín àrùn. Mo ní kí wọ́n tà á. Wọ́n ní ta ló ń ta ẹran tó ń pawó? Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n tó tà á, nígbà tó ti ran àwọn yòókù.

Ìwé àkọsílẹ̀ mi nìkan ni mo mú kúrò lóko náà. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà láti ìgbà yẹn. Ọjọ́ tí ọmọbìnrin yìí padà wá láti wá bi mí sí i ni mo yọ ọ́ jáde, mo ṣí i síbi tí mo fẹ́ kó rí, ó sì kà á sókè: "Ọjọ́ kejìlá, oṣù kìíní, 1993. Alábàwọ́n, ọmú ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún. Kò gbóògùn. Ẹ tà á."