Kí Ló Mú Un Dúró?



Ìbéèrè kan wà tí àwa ará Ìpàta níhìn-ín ní Ìlọrin máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ wa. Bí wọ́n bá rí tíṣà tàbí kóòṣì àgbà tí bàtà rẹ̀ ti jẹ sẹ́nu iṣẹ́, wọn a ní: "Bí ọkùnrin yìí bá mọṣẹ́ lóòótọ́, kí ló dé tí kò lọ sí Èkó tàbí Àbújá?" Lójú tiwọn, ẹni tí ó dúró ni kò ríbi lọ. Ó tọ́ kí a dá wọn lóhùn.

Ọkùnrin kan wà ní Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Eddie Robinson. Ọdún 1919 ni wọ́n bí i ní ìpínlẹ̀ Louisiana. Orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ti ń dáko. Bọ́ọ̀lù tí ó ń kọ́ni kì í ṣe irú tiwa tí a ń fẹsẹ̀ gbá, èyí tí wọ́n ń gbé sọ́wọ́ sáré ni. Ní 1941, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 22, ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan tí ó wà fún àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìlú Grambling gbà á ní kóòṣì. Kò ní igbákejì tí wọ́n ń sanwó fún. Òun ni ń fa ìlà pápá, òun ni ń di ẹsẹ̀ àwọn ọmọ, òun náà ni ń kọ ìròyìn eré ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn. Lọ́dún 1942, ẹgbẹ́ rẹ̀ borí nínú gbogbo eré 9 tí wọ́n ṣe, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba máàkì kan lára wọn.

Nígbà náà, àwọn yunifásítì ńlá ti àwọn aláwọ̀ funfun ní gúúsù Amẹ́ríkà kì í gba ọmọ dúdú, wọn kì í sì í gba kóòṣì dúdú. Ẹnìkan lè wí pé ilẹ̀kùn tí a tì ni ó mú un dúró. Ṣùgbọ́n ní apá ìparí àwọn ọdún 1970, ilẹ̀kùn ti ń ṣí. Ẹgbẹ́ Rams ti Los Angeles, ẹgbẹ́ olówó ńlá, bá a sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Grambling náà ni ó ṣì wà. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì ní 1997, eré 408 ni ó ti borí, ó sì ju 200 lọ nínú àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ti fi eré náà ṣe iṣẹ́ òòjọ́.

Kí ló mú un dúró? Ẹ wo ohun tí ó máa ń ṣe ní kùtùkùtù: a mú agogo, a máa lù ú yíká ilé tí àwọn ọmọ ń sùn sí, kí wọ́n lè dìde lọ sí kíláàsì. Ọmọ ni ó ń kọ́, kì í ṣe bọ́ọ̀lù nìkan. Ẹni tí ó bá sì ń kọ́ ọmọ, èrè rẹ̀ kì í pé lọ́dún kan.

Àwa náà mọ ohun tí ìpààrọ̀ ń ṣe. Nígbà tí a wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, kóòṣì mẹ́ta ni wọ́n fi kọ́ wa láàárín ọdún kan. Kí ẹnìkẹta tó mọ orúkọ wa, ìdíje ti tán. Ẹ bi àwọn alápatà ọjà Ìpàta léèrè: bí ọmọ iṣẹ́ bá ń pààrọ̀ ọ̀gá lóṣooṣù, ìgbà wo ni yóò mọ oríkèé ẹran?

Ìdúró náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ní ọdún mẹ́ta tí ó kẹ́yìn, wọ́n ń na ẹgbẹ́ Robinson ju bí ó ti ń borí lọ, àwọn kan sì ń wí pé kí bàbá máa lọ. Ṣùgbọ́n ta ni ó gba ipò rẹ̀ ní 1998? Doug Williams ni, ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ kọ́, tí ó ti gba ife Super Bowl ní 1988. Ilé kò tú, nítorí pé àgbà ti tọ́ arọ́pò.

Ẹ má sì rò pé àìkúrò nílé ni à ń pè ní ìdúró. Robinson kì í ṣe ọmọ bíbí Grambling. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ṣéù Adam Abdullah Al-Ilori, tí orúkọ Ìlọrin wà lára orúkọ rẹ̀: Abẹ́òkúta ni ó ti dá Markaz sílẹ̀ ní 1952, ó gbé e lọ sí Agége ní 1955, ó sì wà nídìí rẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé ní 1992. Iṣẹ́ ni wọ́n dúró tì.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá rí irú àgbà bẹ́ẹ̀, ẹ má bi í pé kí ló dé tí kò lọ. Ẹ béèrè àwọn tí ó ti tọ́. Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ wa, ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń bá wa kọ́ ọmọ, òun náà ní ọmọ tí ń jẹun. Sùúrù rẹ̀ kọ́ ni owó oṣù rẹ̀. Kí a san owó ilé ẹ̀kọ́ lásìkò, kí a ra bọ́ọ̀lù nígbà tí ti àná bá bẹ́, kí a sì máa béèrè àlàáfíà ilé rẹ̀. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, tí ó sì di ẹrù rẹ̀ lọ, a kò ní ẹnu láti bi í pé kí ló dé.