Ẹ́ńjìnnì Ló Yẹ Kó Kẹ́yìn: Mo Wá Pápá Rọ́kẹ́ẹ̀tì Káàkiri Àárín Èkìtì

Ilẹ̀ ni mo ń wá nígbà tí mo gba Àjílósùn jáde ní Adó-Èkìtì, tí mo kọjú sí Ìkẹ́rẹ́: ilẹ̀ tó tẹ́, tó fẹ̀, tí kò ní òrùlé tàbí wáyà iná nítòsí, tí a ti lè yin rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré tí wọ́n ki ẹ́ńjìnnì tó ju tirẹ̀ lọ bọ̀ nídìí. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tí mò ń wí kì í ṣe ohun ìjà. Èyí tó ń wá nínú páálí ni, tí èèyàn á fi gọ́ọ̀mù tò fúnra rẹ̀: ọ̀pá páálí fún ara, imú ṣónṣó tí wọ́n fi ike ṣe, ìyẹ́ pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin nídìí, àti páráṣúùtù kékeré tí wọ́n ká sínú. Ẹni tó bá ti yin irú rẹ̀ máa ń fẹ́ kó ga ju bó ṣe ga lọ, ẹ́ńjìnnì ńlá sì ni ọkàn kọ́kọ́ ń lọ sí. Ohun tí mo rò, tí ọ̀nà tí mo rìn sì tún jẹ́ kó dá mi lójú, ni pé ẹ́ńjìnnì ló yẹ kó kẹ́yìn. Ilẹ̀ ni kó ṣáájú, ara rọ́kẹ́ẹ̀tì ni kó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá dojú ètò yìí rú á pàdánù rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sì lè ṣe ọmọ ọlọ́mọ léṣe.

Lẹ́tà ni wọ́n fi ń pe agbára àwọn ẹ́ńjìnnì yìí. Bí a bá fi Newton àti ìṣẹ́jú àáyá wọn agbára náà, ẹ́ńjìnnì A kò gbọdọ̀ kọjá 2.5, B kò gbọdọ̀ kọjá 5, C dé 10, D dé 20, E dé 40. Lẹ́tà kan péré tí a bá gùn, òdiwọ̀n di ìlọ́po méjì. Ẹ jẹ́ ká fi Big Bertha ṣe àpẹẹrẹ, rọ́kẹ́ẹ̀tì tí iléeṣẹ́ Estes ní Amẹ́ríkà ti ń tà láti àwọn ọdún 1960. Ara rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi mílímítà 42, ó sì gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 60. Ẹ́ńjìnnì B tàbí C, tó fẹ̀ ní mílímítà 18, ni wọ́n ṣe é fún. Bí a bá yẹ ìdí rẹ̀ wò, òrùka páálí méjì ló di ọ̀pá kékeré tó gba ẹ́ńjìnnì mú sí àárín gbùngbùn. Ẹni tó bá fẹ́ lo D á wá ọ̀pá tó fẹ̀ ní mílímítà 24, á gé òrùka tuntun tí ihò rẹ̀ gbà á, á sì fi gọ́ọ̀mù yí etí wọn ká títí kò ní sí àlàfo. Káfíńtà tó bá mọ ọwọ́ á ṣe é tán kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Nítorí pé ó rọrùn tó báyìí ni ọ̀pọ̀ ṣe ń gbà pé iṣẹ́ ti parí síbẹ̀.

Iṣẹ́ kò tíì parí. Ẹ́ńjìnnì C tí wọ́n ń pè ní C6 wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 25, D tí wọ́n ń pè ní D12 sì lé ní 40. Ìdí sì ni gbogbo ìwúwo tó lé yẹn bọ́ sí. Ojú méjì ló ń darí rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan ni ojú ìwọ̀n, ibi tí ìka kan ṣoṣo lè gbé e dúró sí láìfì sí apá kankan. Èkejì ni ojú atẹ́gùn, ibi tí gbogbo bí atẹ́gùn ṣe ń tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti pàdé. Ojú ìwọ̀n gbọ́dọ̀ wà níwájú ojú atẹ́gùn, kí àlàfo àárín wọn sì tó ìbú ara rọ́kẹ́ẹ̀tì náà, ó kéré tán. Bí ìdí bá wúwo jù, ojú ìwọ̀n á sún sẹ́yìn, rọ́kẹ́ẹ̀tì á sì máa pòòyì lókè, iná ń jó nídìí rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó máa forí lé. James Barrowman, ẹnjiníà ní NASA, gbé ọ̀nà ìṣirò ojú atẹ́gùn jáde fún àwọn tó ń ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré ní 1966. Orí ọ̀nà ìṣirò yìí náà ni wọ́n gbé OpenRocket kà, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí Sampo Niskanen ṣe fún iṣẹ́ ìwádìí oyè rẹ̀ ní Finland ní 2009. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà kò tíì tán lọ́nà: kó ki ẹ́ńjìnnì tuntun bọ ìdí, kó so okùn mọ́ ojú ìwọ̀n, kó sì máa fi rọ́kẹ́ẹ̀tì náà yí orí ara rẹ̀ ká. Bí imú bá ń ṣáájú, ó dára. Bí ìdí ló bá ń ṣáájú, kó fi amọ̀ díẹ̀ sínú imú, kó tún fì í wò. Ìyẹ́ náà ń bẹ ńlẹ̀: bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára atẹ́gùn tó ń dènà rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rin, ìyẹ́ tí wọ́n kàn fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ara lóde á gbọ̀n títí á fi já. Ó yẹ kí wọ́n la ara ọ̀pá, kí ẹsẹ̀ ìyẹ́ wọlé, kó sì fara kan ọ̀pá ẹ́ńjìnnì nínú. Àwọn ọdẹ wa kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá ki ẹ̀tù ju bí ṣakabùlà rẹ̀ ṣe lè gbà lọ, ọwọ́ rẹ̀ ni ìbọn náà ń fọ́ sí.

Ẹnìkan lè ní bí ara bá ti le tí ìṣirò sì pé, kí ló tún kù? Ìkẹ́rẹ́ dáhùn kí n tó wọ àárín ìlú. Àpáta Olóṣùnta àti Òròlé dúró gàgà lókè ilé, òrùlé páànù sì tò yí ẹsẹ̀ wọn ká. Ká ní rọ́kẹ́ẹ̀tì dé 150 mítà, tí páráṣúùtù ń gbé e bọ̀ ní mítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá ló máa lò lókè. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ ní mítà 5 bákan náà, 150 mítà ló máa gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì ńlá bá gbé e dé 300 mítà, 300 mítà ló máa rìn. Ẹlòmíràn á ní kí a dín páráṣúùtù kù. Òótọ́ ni pé kò ní rìn jìnnà mọ́, àmọ́ ara tó ti wúwo sí i yẹn á fi agbára bọ́ sórí ohun tó bá wà nísàlẹ̀. Bó bá sì há sórí Olóṣùnta ńkọ́? Àpáta tí ìlú ń bọ lọ́dọọdún kì í ṣe ibi tí àwọn ọmọdé á máa gùn kiri nítorí páráṣúùtù. Òfin ààbò NAR, ẹgbẹ́ àwọn tó ń yin rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré ní Amẹ́ríkà, ní kí ibi tó tínrín jù nínú pápá tó nǹkan bíi 122 mítà fún C, 152 fún D, 305 fún E. Pápá bọ́ọ̀lù tó péye kì í sábà ju 105 mítà lọ ní gígùn. Nítorí náà, pápá bọ́ọ̀lù inú Oluyemi Kayode Stadium ní Adó kò tó fún C pàápàá, ká má tíì sọ ti ilé ìwé tó wà láàárín ilé.

Mo padà gba Basiri lọ sí Ìyìn, mo sì dé Ìgèdè. Ilẹ̀ gbòòrò díẹ̀ lápá ibẹ̀, ṣùgbọ́n oko àti igi ló gbà á. Lápá Ìwòròkò, títí kan Ìgbẹ́mọ̀ tí gbogbo wa mọ̀ mọ́ ìrẹsì, oko tí wọ́n ti kórè lè fẹ̀ tó, bí olóko bá yọ̀ǹda. Àmọ́ àsìkò náà ṣe pàtàkì: ìgbà tí ilẹ̀ bá gbẹ gan-an ni ọyẹ́ ń fẹ́, koríko á gbẹ kánúnkánún, iná ìdí rọ́kẹ́ẹ̀tì kan sì tó láti jó oko olóko. Bí òjò bá sì dé, ọ̀rinrin á wú páálí, á tẹ ìyẹ́. Ìgbà tí òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀, tí koríko ti tutù, tí òjò kò sì tíì di ojoojúmọ́ ni mo rò pé ó dára jù, kí wọ́n sì ro ẹsẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń yin ín títí tó fi di erùpẹ̀ lásán. Ọ̀nà Ìjàn ló tẹ́ mi lọ́rùn jù lójú, torí Federal Polytechnic àti Yunifásítì Afe Babalola wà níbẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n apá yìí kan náà ni pápákọ̀ òfurufú tí ìjọba Èkìtì ṣí ní 2022 wà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ yin nǹkan kan sókè lápá ibẹ̀ láìjẹ́ pé àwọn tó ń darí ọkọ̀ òfurufú mọ̀ sí i.

Àtakò tó le jù ni pé ẹ́ńjìnnì náà kò sí lọ́jà wa. Ẹ̀tù dúdú ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, wọn kì í gbà á nínú ẹrù èrò ọkọ̀ òfurufú, òfin Nàìjíríà ti 1964 lórí nǹkan abúgbàù sì fẹ́ ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ kó o wọlé. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń sọ pé kí a pò ó fúnra wa. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ìdí tí ẹ́ńjìnnì inú páálí fi wà gan-an ni pé àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà ń po ohun ìjóná nílé ní àwọn ọdún 1950, ó sì ń bú mọ́ wọn lára. Orville Carlisle, tó ń ta bàtà ní ìpínlẹ̀ Nebraska, tó sì mọ iṣẹ́ báńgà ọdún, ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣeé pààrọ̀ ní 1954, G. Harry Stine rí ìwúlò rẹ̀ ní 1957, wọ́n sì sọ ọ́ di ọjà tí kì í fẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kan ẹ̀tù. Bí a bá padà sí pípò, ibi tí wọ́n ti sá kúrò la tún ń lọ.

Àwọn míì á ní eré ọmọdé lásán ni gbogbo èyí, pé Èkìtì ní ìṣòro tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wò ó báyìí: ní 2003, rọ́kẹ́ẹ̀tì Rọ́ṣíà ló gbé NigeriaSat-1, sátẹ́láìtì Nàìjíríà, lọ sókè. Ní 2017, sátẹ́láìtì Nigeria EduSat-1 tí FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Àkúrẹ́, ìtòsí wa yìí, kópa nínú rẹ̀ tún gun rọ́kẹ́ẹ̀tì Falcon 9 ti Amẹ́ríkà. NASRDA, àjọ Nàìjíríà tó ń rí sí ìwádìí òfurufú, ní ibùdó ìwádìí rọ́kẹ́ẹ̀tì ní Ẹ̀pẹ́, àwọn tó máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ́la sì ní láti ti mọ ojú ìwọ̀n yàtọ̀ sí ojú atẹ́gùn kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Ohun tí páálí, amọ̀ àti okùn lè kọ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nìyẹn. Nítorí náà, ẹ̀yin aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Adó àti Ìkẹ́rẹ́, ẹ wọn ilẹ̀ tó tó 305 mítà ní ìbú àti ní òró nínú ilẹ̀ yín, kó jìnnà sí pápákọ̀, ẹ gba ìwé àṣẹ fún un, ẹ sì fi ọ̀gá kan tó mọṣẹ́ ṣọ́ ọ. Ẹ ṣe èyí kí ẹ́ńjìnnì D àkọ́kọ́ tó wọ ìlú.