Ẹ̀rín Tí A Fi Sùúrù Kọ́

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó rò pé ohun kan náà ni ó ń pa gbogbo aráyé lẹ́rìn-ín. Wọn a máa wí pé ẹkún kò ní èdè, ẹ̀rín kò sì ní èdè pẹ̀lú. Òótọ́ ni ti ẹkún, nítorí pé bí ọmọ Ṣáínà bá ń sunkún, ọmọ Ìbàdàn yóò mọ̀ pé ohun kan ni ó ń dùn ún. Ṣùgbọ́n ti ẹ̀rín kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín ní ilé, ó ní ìlú, ó sì ní èdè tí ó ń sọ. Àwọn àgbà wa ti wí i tipẹ́ pé, bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ni í jó o, ọ̀mọ̀ràn ni í sì í mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ìwọ ọ̀dọ́ tí ò ń ka ìwé yìí, mo fẹ́ kí o bá mi ronú díẹ̀ lórí bí ènìyàn ti í kọ́ láti rẹ́rìn-ín sí ohun tí kò bá a dàgbà, àti ohun tí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lè ṣe nínú ìwà rẹ̀.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ mú wá ti ṣẹ̀. Èdè kan náà ni àwọn ará Amẹ́ríkà àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń sọ, a óò sì rò pé ohun tí ó bá pa ọ̀kan lẹ́rìn-ín kò ní ṣàì pa èkejì. Ṣùgbọ́n òkun ńlá ni ó wà láàrin wọn, ó sì gbòòrò ju bí a ti ń rò lọ. Ní ọdún 1969 ni ilé-iṣẹ́ BBC bẹ̀rẹ̀ sí í fi eré apanilẹ́rìn-ín kan hàn lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ní Ìlú Ọba; Monty Python's Flying Circus ni wọ́n ń pè é. Títí di ọdún 1974, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń fi ìpolówó ọjà jẹun ní Amẹ́ríkà kò fi eré náà hàn bí ó ti rí. Ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ KERA, ní ìlú Dallas ní ìpínlẹ̀ Texas, ni ó gbìyànjú rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tí àwọn òǹwòran fúnra wọn ń fi owó ọrẹ ràn lọ́wọ́ ni. Láti ìgbà náà ni irú àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ káàkiri Amẹ́ríkà ti ń fi eré àwọn Gẹ̀ẹ́sì hàn, tí alẹ́ Sátidé sì fi di alẹ́ wọn ní ọ̀pọ̀ ìlú.

Ní Dallas kan náà yìí ni mo gbé fún ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1990. Aládùúgbò mi jẹ́ àgbàlagbà ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ rélùwéè. Kì í ṣe ènìyàn burúkú rárá; bí ọkọ̀ mi bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́ ní òwúrọ̀, òun ni í kọ́kọ́ dé. Ṣùgbọ́n ó gbà pé ohun gbogbo tí ó dára ní ayé, Texas ni ó ti ṣẹ̀ wá. Òwe wa ní, bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tí ó tóbi tó ti baba òun. Bí mo bá bá a sọ̀rọ̀, yóò ní kí n tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, bẹ́ẹ̀ ni etí rẹ̀ kò di. Aya rẹ̀ ni ó fẹ́ràn eré àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Nígbàkúùgbà tí ó bá tan ẹ̀rọ sí i, ọkọ a dìde, a ní kí ni wọ́n ń wí, kí sì ni ẹ̀rín níbẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà kú, ilé wọn dákẹ́ rọ́rọ́. Baba yìí wá bẹ̀rẹ̀ sí í tan ẹ̀rọ náà ní alẹ́ Sátidé, ní wákàtí tí aya rẹ̀ máa ń tàn án. Kò wá eré wò. Ohùn tí ilé rẹ̀ ti mọ̀ ni ó fẹ́ gbọ́.

Báyìí ni ó ṣe bá obìnrin kan pàdé nínú eré tí a ń pè ní Keeping Up Appearances, èyí tí BBC ṣe láti ọdún 1990 títí di 1995. Patricia Routledge ni ó ṣe obìnrin náà. Hyacinth ni orúkọ rẹ̀, orúkọ ọkọ rẹ̀ sì ni Bucket, èyí tí í ṣe korobá ní èdè wa. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí kò gbà. Ó ní dandan, Bouquet ni kí gbogbo ènìyàn máa pè é, èyí tí í ṣe ìdì òdòdó. Ẹni tí ó fẹ́ sọ korobá di òdòdó, ìwọ náà mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ fún un! Nígbà gbogbo ni ó ń ṣe àsè fún àwọn ènìyàn pàtàkì, nígbà gbogbo ni ẹ̀rù sì ń bà á kí àwọn àbúrò rẹ̀ tí kò rí já jẹ má baà yọ lójijì. Baba yìí sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n ìyá òun ní Texas ni òun rí nínú obìnrin náà. Ọjọ́ náà ni ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbéraga kò yàtọ̀ ní ilẹ̀ kankan. Aṣọ rẹ̀ nìkan ni ó ń yàtọ̀.

Láti ibẹ̀ ni ó ti bọ́ sí Fawlty Towers. Eré yìí kò ju méjìlá lọ, mẹ́fà ní ọdún 1975, mẹ́fà ní ọdún 1979, síbẹ̀ a kò tíì gbàgbé rẹ̀ títí di òní. Ọkùnrin kan tí ó ni hòtẹ́ẹ̀lì ní ìlú Torquay ni eré náà dá lé lórí. Bí ó bá pa irọ́ kékeré kan ní òwúrọ̀, yóò pa òmíràn láti fi bo ti àkọ́kọ́, títí irọ́ náà yóò fi wó lé e lórí kí ilẹ̀ tó ṣú. John Cleese àti Connie Booth ni wọ́n jọ kọ ọ́, ọmọ Amẹ́ríkà sì ni Connie Booth. Nígbà tí baba yìí gbọ́ èyí, inú rẹ̀ dùn gidigidi. Nínú eré náà, ọmọ-ọ̀dọ̀ kan wà tí ń jẹ́ Manuel, ará Sípéènì tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, tí ọ̀gá rẹ̀ sì ń jẹ níyà. Andrew Sachs ni ó ṣe Manuel. Ní ìlú Berlin ni a bí Sachs ní ọdún 1930. Júù ni baba rẹ̀, ní ọdún 1938 sì ni ìdílé wọn sá kúrò ní Jámánì wá sí Ìlú Ọba nítorí inúnibíni Hitler. Rò ó wò: ẹni tí ó fi ìyà àjèjì tí kò gbọ́ èdè pa gbogbo Gẹ̀ẹ́sì lẹ́rìn-ín, òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ọmọdé àjèjì tí ó ní láti kọ́ èdè àwọn tí ó gbà á sílé. Bí o bá sì wo eré náà dáadáa, o óò rí i pé ọ̀gá tí ń pariwo ni òmùgọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe Manuel.

Èyí tí ó gba sùúrù jù lọ ni Yes Minister, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1980. Mínísítà kan fẹ́ ṣe àtúnṣe. Akọ̀wé àgbà rẹ̀, Sir Humphrey, kò ní sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ láéláé, ṣùgbọ́n yóò fi gbólóhùn gígùn dí ọ̀nà títí mínísítà kò fi ní mọ ibi tí òun ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ṣubú, kò sí ẹni tí a da omi lù. Nínú ọ̀rọ̀ ni gbogbo àwàdà náà wà, bí eegun nínú ẹja. Baba yìí fi etí sílẹ̀ títí ó fi mọ̀ ọ́n. Ó sọ fún mi pé ohun tí òun fẹ́ràn ni pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi ara wọn àti àwọn olórí wọn ṣe yẹ̀yẹ́, wọn kò sì bẹ̀bẹ̀ pé kí a fẹ́ràn ẹni tí wọ́n ń fi hàn. Lẹ́yìn ọdún bíi méjì, mo ṣàkíyèsí ohun kan. Kò tún ní kí n tún ọ̀rọ̀ mi sọ mọ́. Gẹ̀ẹ́sì ẹnu mi kò yí padà, ọmọ Yorùbá ni mo ṣì jẹ́ nínú rẹ̀. Etí rẹ̀ ni ó yí padà. Ẹni tí ó ti kọ́ láti gbọ́ ohùn ará òkèèrè nítorí ẹ̀rín, ó ti kọ́ láti gbọ́ ohùn ẹni tí ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n má ṣe rò pé gbogbo ẹ̀rín ni ó ń la etí ènìyàn. Láàrin ọdún 1965 sí 1975, eré kan wà ní Ìlú Ọba tí a ń pè ní Till Death Us Do Part. Johnny Speight ni ó kọ ọ́. Ó dá ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Alf Garnett sílẹ̀ nínú rẹ̀, ẹni tí ń bú àwọn ènìyàn dúdú àti àwọn àjèjì láti òwúrọ̀ di alẹ́, kí àwọn òǹwòran lè rí bí irú ìkórìíra bẹ́ẹ̀ ti jẹ́ ìwà aṣiwèrè tó. Ní ọdún 1971, Norman Lear mú irú eré náà dé Amẹ́ríkà, ó pè é ní All in the Family, Archie Bunker sì ni orúkọ ọkùnrin tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fi àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, wọ́n sì kọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún Alf àti Archie tọkàntọkàn, tí wọ́n ń wí pé òótọ́ ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ. Eré kan náà, ilé kan náà. Ẹnì kan ń fi òmùgọ̀ rẹ́rìn-ín, ẹnì kejì ń bá òmùgọ̀ rẹ́rìn-ín. Òǹkọ̀wé kò lè yan èyí fún wa. Ọkàn olúkúlùkù ni í yàn án.

Èyí ni ó kàn ọ́, ìwọ ọmọ ilé-ìwé. Àwa Yorùbá kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ àwàdà. Àwọn ará Kétu àti àwọn aládùúgbò wọn ń fi orin ẹ̀fẹ̀ gún oníwàkiwà lára ní òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Àwọn eégún alárìnjó sì ń fi Tápà àti Òyìnbó ṣe eré ní gbangba. Ṣùgbọ́n nínú kíláàsì rẹ, nígbà tí ọmọ Èkìtì bá dìde láti kàwé, tàbí ọmọ Ìjẹ̀bú, tàbí ọmọ Ìlàjẹ, tí àwọn kan sì bú sẹ́rìn-ín nítorí ohùn rẹ̀, irú ẹ̀rín wo ni èyí? Ọmọ tí a bá fi rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ lè pa ẹnu rẹ̀ mọ́ títí di òpin ọdún, kì í sì í ṣe òun nìkan ni yóò pàdánù. Gbogbo kíláàsì ni kò ní gbọ́ ohun tí ó mọ̀.

Nítorí náà, kí o tó rẹ́rìn-ín, bi ara rẹ léèrè ohun mẹ́ta. Èkíní, ta ni ẹ̀rín yìí ń gún, alágbára tí ń gbéraga ni, tàbí ẹni tí kò ní olùgbèjà? Èkejì, ẹni náà ha lè bá wa rẹ́rìn-ín bí? Ẹ̀kẹta, ǹjẹ́ èmi fúnra mi ń gbà kí a fi èmi náà rẹ́rìn-ín? Bí ìdáhùn bá tọ́, rẹ́rìn-ín dáadáa, nítorí oògùn ara ni. Bí àwàdà ẹlòmíràn kò bá sì tíì yé ọ, má ṣe yára wí pé kò dùn. Jókòó, fi etí sílẹ̀, kí o sì fún un ní àkókò. Ẹni tí ó bá lè fi sùúrù kọ́ ẹ̀rín ọmọnìkejì rẹ̀, kò ní pẹ́ kí ó tó mọ ìbànújẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, ìgbà náà ni wọn yóò sì lè jọ gbé ní àlàáfíà.