Ẹni Tí Wọ́n Pè Nígbẹ̀yìn

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 2004, ní pápá ìṣeré kan ní Àbújá, Enyimba ti ìlú Aba ń bá Étoile du Sahel ti orílẹ̀-èdè Tùnísíà du ife Champions League ilẹ̀ Áfíríkà. Étoile ti na Enyimba ní 2–1 ní ìlú Sousse, Enyimba náà sì na Étoile ní 2–1 nílé. Ọ̀rọ̀ di pẹ̀nárítì. Ibẹ̀ ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Okey Emordi ti ṣe ohun tó ya èèyàn lẹ́nu. Ó yọ Vincent Enyeama, aṣọ́lé tí gbogbo wa gbà pé kò sí irú ẹ̀ ní Nàìjíríà, ó sì fi Délé Aiyenugba rọ́pò rẹ̀.

Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ni wá nígbà náà ní Igbó-Ọrà, níwájú tẹlifíṣọ̀n kan tí jẹnẹrétọ̀ ń gbé. Ariwo ta. Bàbá kan ní wọ́n ti fún kóòṣì ní rìbá ni. Òmíràn ní ṣé ẹni tó ti ń ṣọ́lé láti àárọ̀ ni wọ́n máa lé kúrò lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n wá fi ẹni tó ń jókòó síbẹ̀? Kí wọ́n tó parí àríyànjiyàn, Enyimba ti borí ní 5–3, ife sì ti di tiwọn ní ọdún méjì tẹ̀léra. Àwọn tó ń bú kóòṣì gan-an ló kọ́kọ́ fò sókè.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ 5 oṣù Keje 2014, Louis van Gaal tó jẹ́ kóòṣì Netherlands ṣe irú rẹ̀ ní World Cup ní Brazil. Nígbà tí ìdíje wọn pẹ̀lú Costa Rica fẹ́ parí, ó yọ Jasper Cillessen, ó fi Tim Krul sílé. Krul mú méjì, Netherlands borí ní 4–3. Gbogbo ayé ń sọ pé ọgbọ́n tuntun dé. Tuntun báwo? Ẹgbẹ́ Aba ti ṣe é tipẹ́.

Àmọ́ ọgbọ́n kóòṣì kọ́ la fẹ́ sọ. Ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì títí wọ́n fi pè é la fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Aiyenugba kì í ṣe aṣọ́lé yẹpẹrẹ. Ní 2007 ó kọjá sí Bnei Yehuda ní Tel Aviv, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó yá ó padà sílé, ó tún ṣọ́lé fún Kwara United. Ní World Cup 2010 ní Gúúsù Áfíríkà, aṣọ́lé mẹ́ta ni Nàìjíríà kó lọ: Enyeama, Austin Ejide àti òun. Ìdíje mẹ́ta la gbá, pẹ̀lú Argentina, Greece àti South Korea. Enyeama ló ṣọ́lé ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn méjì yòókù ò ṣeré ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ọmọdé òní pé ta ló ṣọ́lé fún wa lọ́dún náà, orúkọ kan ṣoṣo lẹ máa gbọ́.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ tí ẹni tó jókòó ń ṣe. Aago kan náà ló ń jí pẹ̀lú ẹni tó wọ pápá. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá sí i ní ìdánrawò kò dín. Ó gbọ́dọ̀ mọ ẹsẹ̀ tí agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan fi ń gbá pẹ̀nárítì àti igun tó fẹ́ràn. Ara rẹ̀ á tutù níbi tó jókòó sí, síbẹ̀ bí wọ́n bá pè é, wọn ò ní fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó fi mọ́ ara. Bó bá ṣe é ire, wọ́n á ní kóòṣì gbọ́n. Bí bọ́ọ̀lù bá wọlé, wọ́n á ní ta ló ní kí wọ́n mú eléyìí wá?

A ní ọ̀rẹ́ kan ní Èrúwà tó mọ ọ̀rọ̀ yìí ju bí a ṣe mọ̀ ọ́n lọ. A jọ gbá bọ́ọ̀lù ní kékeré ni. Òun ló ga jù nínú wa, nítorí náà òun ló máa ń ṣọ́lé. Ọdún mẹ́fà ló fi wà pẹ̀lú oríṣiríṣi ẹgbẹ́ nínú àwọn líìgì tó wà nísàlẹ̀, bíi alágbàṣe tó ń ti oko ọlọ́kọ̀ọ̀kan bọ́ sí òmíràn. Ẹgbẹ́ kan wà tó jẹ́ pé owó orí ìdíje nìkan ni wọ́n ń san. Ẹni tó wọ pápá gba owó, ẹni tó jókòó gba owó ọkọ̀. Ó lo sáà kan gbáko níbẹ̀ láìwọ pápá. Nígbà tó padà dé Èrúwà, ohun tó sọ fún wa kò ju gbólóhùn kan lọ: "Ẹ̀yin ará, ojoojúmọ́ ni mo ṣe tán." Ó ń wa kórópe báyìí láàárín Èrúwà àti Ìbàdàn.

Ojoojúmọ́ ló ṣe tán. Iṣẹ́ nìyẹn. Ta ló kà á fún un?

Àwọn ará Amẹ́ríkà ní eré kan tí ẹni tó jókòó pọ̀ nínú ẹ̀: béésìbọ́ọ̀lù. Ẹnì kan ló ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó mú igi dání. Ó lè jù ú tó ọgọ́rùn-ún ìgbà lọ́jọ́ kan. Bó bá rẹ̀ ẹ́, tàbí tí nǹkan bá fẹ́ bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, wọ́n á pe arọ́pò. Àwọn arọ́pò yìí ní ibùjókòó tiwọn, ó sì jìnnà díẹ̀ sí ti àwọn tó kù. Fóònù kan wà níbẹ̀. Bó bá ti dún, ẹnì kan á dìde, á bẹ̀rẹ̀ sí í na apá. Ó lè na apá tán kí wọ́n ní kó padà jókòó.

Ọmọ Áfíríkà kan wà nídìí iṣẹ́ yìí: Tayler Scott, tí wọ́n bí ní Johannesburg ní 1992. Chicago Cubs mú un ní 2011, ṣùgbọ́n 2019 ló tó fẹsẹ̀ tẹ líìgì ńlá, pẹ̀lú Seattle Mariners. Kí ọdún yẹn tó parí, ó ti di ti Baltimore Orioles. Ó kọjá sí Japan, sí ẹgbẹ́ Hiroshima. Ó padà wá bá San Diego ní 2022. Ní 2023 nìkan, ẹgbẹ́ mẹ́ta ló wọ aṣọ wọn nínú líìgì ńlá: Dodgers, Red Sox àti Athletics. Nínú eré yẹn, bí ẹgbẹ́ bá ti yọ orúkọ ẹ kúrò nínú ìwé, ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti pinnu bóyá wọ́n á fi ẹ́ ṣe pàṣípààrọ̀, bóyá ẹlòmíràn á gbà ẹ́, tàbí kí wọ́n ní kó o máa lọ. Ẹni tó ní ìyàwó àti àpótí aṣọ mọ ohun tí ọjọ́ méje jẹ́. Ní 2024, ó dé Houston Astros, wọ́n sì pè é wọ pápá ní ìgbà 62 nínú sáà kan ṣoṣo. Ẹni ọdún 32 ni nígbà yẹn.

Ohun tó mú wa lọ́kàn nínú ọ̀rọ̀ eré yìí kì í ṣe owó ńlá wọn. Òǹkà ni. Láti 1969 ni líìgì wọn ti ní òǹkà pàtàkì kan fún arọ́pò tó wọlé nígbẹ̀yìn tí kò jẹ́ kí ìṣẹ́gun bọ́. Ó tún ku kan tó dùn mọ́ wa jùyẹn lọ: bí agbábọ́ọ̀lù bá ti lo ọjọ́ 43 nínú ìwé orúkọ líìgì ńlá, ó ti ní ẹ̀tọ́ sí owó ìfẹ̀yìntì. Ọjọ́ tí orúkọ rẹ̀ fi wà nínú ìwé ni wọ́n ń kà. Bó ju bọ́ọ̀lù, bí kò jù ú, ọjọ́ náà ti wọlé. Kò sì jábọ́ látọ̀run o. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù ló bá àwọn olówó ẹgbẹ́ fà á títí wọ́n fi gbà.

Àwa kò sọ béésìbọ́ọ̀lù rí. Kọ̀ǹpútà la kà ní fásitì, kóòdù la ń kọ jẹun. Ọdún mẹ́wàá, iléeṣẹ́ márùn-ún, àdéhùn oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Bí a bá délé ní Igbó-Ọrà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí Màámi máa ń bi wá ni pé, "Níbo lẹ wà báyìí o?" Iléeṣẹ́ kan wà ní Èkó tí iṣẹ́ wa níbẹ̀ jẹ́ ká máa ṣọ́ ètò ìsanwó wọn lóru, ọ̀sẹ̀ méjì nínú oṣù. Fóònù ò gbọdọ̀ kú. A ò lè lọ síbi tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, a ò lè wọ mọ́tò òru. Bí ètò náà bá dákú, obìnrin tó ń fi POS gba owó ẹ̀gẹ́ lọ́jà á kàn máa wo ojú oníbàárà ni.

Ohun tí àdéhùn sọ ni pé wákàtí tí nǹkan bá bàjẹ́ nìkan ni wọ́n máa san. Ẹ gbọ́ bó ṣe rí: oṣù tí a bá rí kùdìẹ̀-kudiẹ ṣáájú, tí a tún un ṣe kó tó di wàhálà, kò sówó. Oṣù tí gbogbo nǹkan bá dàrú, owó dé. A kọ lẹ́tà pé kí wọ́n máa ka òru tí a fi ṣọ́ ọ. Wọ́n ní kí wọ́n sanwó oorun fún ẹnikẹ́ni, kò sí nínú ètò àwọn. A parí oṣù mẹ́fà wa, a sì kúrò. Iléeṣẹ́ tó tẹ̀ lé e gbà láti san iye kan lórí òru kọ̀ọ̀kan, ariwo wà, ariwo ò sí. Iye náà kò pọ̀. Àmọ́ ó jẹ́ kí ara wa yàtọ̀, torí ẹnìkan ti gbà pé a wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ohun tí kò jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ni pé ìlú wa ti mọ̀ ọ́n. Ìlú ìbejì làwọn èèyàn ń pe Igbó-Ọrà, kò sì sí ọmọdé ibẹ̀ tí kò mọ̀ pé Táíwò ló kọ́kọ́ jáde, Kẹ́hìndé sì ni ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní òun ló rán àbúrò rẹ̀ pé kó lọ tọ́ ayé wò. Kò sẹ́ni tó ń bi Kẹ́hìndé pé kí ló ń ṣe nínú nígbà tí Táíwò ti ń ké lóde. Kò sẹ́ni tó ní ó ń sùn. Gbogbo wa gbà pé iṣẹ́ ló wà nídìí ẹ̀, a sì fi oyè ẹ̀gbọ́n san án fún un. Kí ló wá dé tí a fi ń ṣe bí ẹni pé a ò mọ̀ nígbà tó bá di ti aṣọ́lé kejì, ti nọ́ọ̀sì tó ń ṣọ́ òru, ti awakọ̀ tó jókòó ti áńbúláǹsì?

Àwa ọmọ ẹgbẹ́ kan ń dá owó jọ lọ́dọọdún fún ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn ọ̀dọ́ láti àwọn ìlú Ìbàràpá, lásìkò Kérésì. Tẹ́lẹ̀, ẹgbẹ́ tó bá borí máa ń pín owó fún àwọn mọ́kànlá tó gbá àṣekágbá, àwọn tó kù á jẹ ìrẹsì. Láti ọdún méjì sẹ́yìn, a ti yí i padà. A ra ìwé ẹlẹ́yìn líle kan fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó bá wá sí ìdánrawò lójoojúmọ́. Iye ọjọ́ la fi ń pín owó. Ọ̀rẹ́ wa onímọ́tò ni a fi ṣe olórí àwọn tó ń kọ́ àwọn aṣọ́lé. Àwọn kan ṣì ń bínú o. Wọ́n ní a ń fi owó bọ́ ọ̀lẹ.

Lọ́dún tó kọjá, aṣọ́lé kejì kan láti Láńlátẹ̀ wá gba tirẹ̀. Kò wọ pápá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe pé ẹ ṣì í kà?" A ṣí ìwé hàn án. Ọjọ́ 19 ló wá.